Ìwọ̀n Ni Kí A Kọ́kọ́ Mọ̀: Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Iná Orí Tánkì Iyùn Mi

Oúnjẹ ni ìmọ́lẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn iyùn tí a ń tọ́jú nínú tánkì omi iyọ̀. Irú ọbẹ̀dò tín-ín-tín kan, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní zooxanthellae, ń gbé nínú ẹran ara wọn. Ọbẹ̀dò yìí a máa fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ewéko orí ilẹ̀ ti ń ṣe, a sì máa fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún iyùn tó gbà á sílé, débi pé okun tí iyùn ń rí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo okun tó nílò. Ẹni tó bá pààrọ̀ iná orí tánkì iyùn ti yí oúnjẹ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ padà nìyẹn, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ̀pá iná T5 (irú ọ̀pá fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́) kúrò lórí tánkì mi kí n sì gbé iná LED síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí mo rí kà ló dá lórí irú iná tó yẹ kí n rà. Díẹ̀ ló sọ bí n ó ṣe mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí àwọn iyùn náà ń jẹ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí n yà bàrá díẹ̀: ẹ má ṣe fi iyùn pupa tí àwọn ọba àti àwọn ìyàwó ń fi sọ́rùn nílé wa wé àwọn wọ̀nyí. Òkun Mẹditaréníà ni ìlú àbínibí iyùn pupa yẹn, inú ihò àpáta àti inú ibú tí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ dé ló sì ti ń dàgbà. Kò ní ọbẹ̀dò kankan nínú ara. Ohun tí omi bá gbé kọjá lẹ́bàá rẹ̀ ló ń mú jẹ. Ti inú tánkì mi kò lè gbé irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀.

Tánkì náà wà ní yàrá ìgbàlejò wa ní Manchester. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, ó fẹ̀ ní 50, ó sì ga ní 50, nítorí náà yóò gba omi lítà 225 bí kò bá sí òkúta àti iyanrìn nínú rẹ̀. Orí òkúta lápá òkè ni àwọn Acropora àti Montipora wà, àwọn tí ebi ìmọ́lẹ̀ máa ń tètè pa; Euphyllia wà láàárín; nísàlẹ̀, lórí iyanrìn àti lábẹ́ òjìji òkúta, ni Discosoma àti Zoanthus wà, tí díẹ̀ ti tó wọn.

Ọ̀pá T5 mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 39, ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. N kò ní bú iná yìí, nítorí títí di òní n kò tíì rí èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ kálẹ̀ lọ́gbọọgba bíi tirẹ̀. Ọ̀pá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó tánkì fúnra rẹ̀, nítorí náà láti ọ̀nà púpọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ sórí iyùn, ẹ̀ka kan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣíji bo èkejì. Àbùkù rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú ènìyàn rí i, débi pé a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan bí wọ́n tilẹ̀ ṣì ń tàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ òfin wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòpin sí kíkó ọ̀pá T5 àti T8 tuntun tí a fi ń tan ilé àti ọ́fíìsì wọ ọjà, nítorí mẹ́kúrì tó wà nínú wọn, Ìlú Ọba náà sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún tánkì ẹja ṣì wà lórí igbá, ṣùgbọ́n lójú tèmi, irú tí a lè rí rà ń dín kù, owó wọn sì ń gòkè. N kò fẹ́ dúró di ọjọ́ tí n ó máa wá ọ̀pá kiri nígbà tí iyùn ti ń ṣàárẹ̀.

Ó tó kí a rántí pé iná kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Lee Chin Eng, tó ń sin ẹja òkun ní Jakarta, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1961 bí òun ṣe ń lo òkúta inú òkun tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí wà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń hó wẹ́wẹ́ nínú omi, àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn lásán, àwọn iyùn rẹ̀ sì yè. Ẹni tó ń gbé ní ìlú tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló wá ọ̀nà mìíràn: ní Berlin, ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ń gbé gílóòbù metal halide (irú gílóòbù alágbára kan) kọ́ sórí tánkì, òun ni àwọn Acropora sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú ilé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára púpọ̀. Ooru rẹ̀ ni ìṣòro. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 250 lè mú omi gbóná débi pé ènìyàn yóò tún ra ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, tí yóò sì máa san owó iná lórí méjèèjì.

LED kò lè wúlò fún iyùn títí tí àwọn ará Japan fi rí ọ̀nà láti ṣe LED tí ń tàn búlúù dáadáa. Ní ọdún 1993 ni Shuji Nakamura, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Nichia nígbà náà, fi èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an hàn. Òun àti Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ló sì jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2014 nítorí iṣẹ́ yìí. Búlúù ni ọ̀rọ̀ iyùn dá lé lórí. Omi òkun a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì láàárín ìwọ̀nba mítà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n búlúù a máa wọ inú ibú lọ. Ìyẹn ni ọbẹ̀dò inú iyùn fi ní àwọn èròjà aláwọ̀, irú bíi chlorophyll a, chlorophyll c2 àti peridinin, tí wọ́n mọ bí a ti ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù mú dáadáa. Pupa kò burú fún un, àmọ́ díẹ̀ ti tó.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ lé. Wáàtì kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó dé ara iyùn fún wa. Iye iná mànàmáná tí fìtílà ń jẹ ló sọ. Kelvin tí wọ́n ń kọ sára páálí, 10,000, 14,000 tàbí 20,000, kò sọ ju bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ṣe rí lójú ènìyàn lọ. Lux pàápàá, ojú ènìyàn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú wa kì í mọ agbára ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ti àwọ̀ ewé, nítorí náà iná búlúù tó lágbára gan-an lè dà bí aláìlágbára lójú wa àti lójú ẹ̀rọ lux. Ohun tó yẹ kí a wọ̀n ni PAR, èyí tíí ṣe iye ìtànṣán tó wà láàárín nánómítà 400 sí 700 tó ń bọ́ sórí ibì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ni ewéko àti ọbẹ̀dò lè lò. Lójú omi nílẹ̀ olóoru, lọ́sàn-án gangan, PAR oòrùn lè tó 2,000 (màíkírómóòlù ni a fi ń kà á, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù móòlù kan). Iyùn inú tánkì kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ara wọn rọ̀ máa ń ṣe dáadáa láàárín 50 sí 100, Euphyllia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín 75 sí 150, Acropora láàárín 200 sí 350. Àwọn kan ń gbé Acropora lọ sí 500, ó sì ń yè, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ẹni tó kàn ń sìn ín nínú ilé fi gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n wọ́n lówó. Ilé iṣẹ́ Apogee, tó wà ní ìlú Logan ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra tirẹ̀. MQ-510 ni èyí tí wọ́n ṣe fún inú omi tó sì ń ka búlúù bó ti yẹ, nítorí àwọn ti àtijọ́ máa ń ka búlúù LED kéré ju bó ti rí lọ. N kò rà á. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra iyùn máa ń fi í yáni fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo sì yá a kí n tó yọ T5 kúrò. Mo ya àwòrán tánkì náà sórí ìwé, mo pín in sí ojú ìlà-ìlà, mo sì kọ iye tí mo rí níbi tí iyùn kọ̀ọ̀kan wà. Lókè, lábẹ́ àárín iná, mo rí 260. Lápá òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, 190. Láàárín tánkì, nǹkan bí 150. Lórí iyanrìn, 80. Ìwé yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ná owó ńlá lórí iná kò ní irú rẹ̀. Bí iyùn rẹ bá ń dàgbà lábẹ́ iná tó o ní, a jẹ́ pé iye tó wà níbẹ̀ ń tẹ́ ẹ lọ́rùn, iye yẹn sì ni kí o fi iná tuntun wá kí o tó ronú àtifi kún un.

Lórí rírà, ìpinnu mi kò gùn. Wọ́n fi iná kékeré kan tó lágbára gan-an lọ̀ mí, irú èyí tó ń tàn láti ojú kan ṣoṣo, mo sì kọ̀ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ojú kan wá máa ń mú kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ka Acropora ṣókùnkùn, nígbà tó bá sì yá, ibẹ̀ á kú, òkè nìkan ni yóò sì lẹ́wà. Pánẹ́ẹ̀lì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ni mo rà, tí LED wọn tàn ká ojú pánẹ́ẹ̀lì náà, mo sì fi ọ̀pá LED búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kún un, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó gbówó lórí ju ẹyọ iná alágbára kan lọ. Áàpù orí fóònù tó bá a wá ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan padà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkùukùu àti mànàmáná àfarawé. Mo pa gbogbo ìyẹn, mo sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, agbára rẹ̀ nìkan ló ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Gbígbé e kọ́ kò le. Mo fi wáyà irin so ó rọ̀ mọ́ òkè ilé, sẹ̀ǹtímítà 25 sókè ojú omi, nítorí bí ó bá sún mọ́ omi jù, àárín yóò gbóná janjan, etí yóò sì ṣókùnkùn. Ohun tí n ó tẹnu mọ́ ni iná mànàmáná àti omi iyọ̀, tí wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn. Wáyà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kí ó tó gòkè lọ bá a, kí omi tó bá ń ṣàn lára wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn RCD mílíámúpù 30 tó ń gé iná kíákíá bí iná bá ń jò. Iyọ̀ pẹ̀lú máa ń gan mọ́ ojú LED àti mọ́ fáànù rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa fi omi tí kò ní iyọ̀ nù ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìmọ́lẹ̀ á máa dín kù láìsí pé a fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ní ọjọ́ tí mo tan iná tuntun náà, mo dín agbára rẹ̀ kù débi tí ẹ̀rọ ìwọ̀n fi ka 200 lókè, èyí tó kéré sí 260 ti T5. Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 30 tàbí 50 nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná, ṣùgbọ́n ìdá 50 iná tèmi lè ju odidi agbára iná tìrẹ lọ, nítorí náà iye orí áàpù kò túmọ̀ sí nǹkan kan láìsí PAR. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi dé 260, tí mo sì dúró. Ìdí tí a fi ń rọra ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ju ohun tí ọbẹ̀dò lè lò lọ, okun tó ṣẹ́ kù a máa sọ ọ́síjìn inú ẹran ara iyùn di oró. Iyùn yóò wá lé ọbẹ̀dò náà jáde, yóò sì funfun báláú. Ìgbóná omi lè fa irú rẹ̀, òun ló sì ń pa iyùn nínú òkun lọ́pọ̀ ibi láyé báyìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré jù ńkọ́, iyùn a máa kó ọbẹ̀dò jọ sí i kí ó lè rí oúnjẹ tó pọ̀ tó, àwọ̀ rẹ̀ á sì di bí ilẹ̀ amọ̀. Ìyẹn kì í pa á kíákíá, nítorí náà bí mo bá gbọ́dọ̀ ṣìnà, ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó kéré ni n ó gbà ṣìnà.

Wákàtí náà wà nínú ìṣirò. PAR 200 fún wákàtí mẹ́wàá àti PAR 250 fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ iye kan náà lójúmọ́, nítorí pé bí a bá sọ wákàtí di ìṣẹ́jú àáyá tí a sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú PAR, àwọn méjèèjì yóò fún wa ní móòlù 7.2. Nítorí náà ẹni tí kò lè dín agbára iná rẹ̀ kù lè dín wákàtí kù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fẹ́ kí a dín agbára kù ju kí a dín wákàtí kù lọ, torí agbára tó ga lọ́sàn-án gangan ló ń ṣe ibi.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà retí ni ohun tí iná tuntun ń ṣe sí omi. Iyùn máa ń kọ́ egungun rẹ̀ kíákíá nínú ìmọ́lẹ̀ ju inú òkùnkùn lọ, ohun tó sì fi ń kọ́ ọ ni kálísíọ̀mù àti àwọn èròjà tí a ń wọ̀n lábẹ́ orúkọ alkalinity. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí i tí ó sì dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀, iyùn yóò máa jẹ àwọn èròjà yìí ju ti àná lọ. Èmi ń tọ́jú alkalinity mi sí nǹkan bí 8 lórí òdiwọ̀n tí à ń pè ní dKH, kálísíọ̀mù sí mílígíráàmù 420 nínú lítà kan. Láàárín ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé 260, mo rí i pé iye tí mo ń fi pọ́ǹpù kékeré dà sínú omi lójoojúmọ́ kò tó mọ́, alkalinity ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì fi kún un. Ẹni tí kò bá ń wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ méjì-méjì lákòókò yìí yóò máa dá iná lẹ́bi fún ohun tí omi fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nitrate àti phosphate. Àṣà kan wà pé omi gbọ́dọ̀ mọ́ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀dò inú iyùn nílò àwọn ajílẹ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ pẹ̀lú alkalinity tó ga àti omi tí kò ní ajílẹ̀ kankan ló máa ń jó orí ẹ̀ka Acropora. N kò jẹ́ kí nitrate mi lọ sísàlẹ̀ 5, n kò sì jẹ́ kí phosphate di òfo. Ọbẹ̀dò ara gíláàsì pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí ìyẹn. Mo ń ha á kúrò.

Ní ti owó, àwọn tó ń ta LED máa ń ṣe ìlérí tó pọ̀ jù. Ọ̀pá T5 mi mẹ́fà ń jẹ wáàtì 234; LED tuntun, níbi tí mo dá a dúró sí, ń jẹ nǹkan bí 130. Fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ìyàtọ̀ náà súnmọ́ kílówáàtì-wákàtí kan, tí a bá sì ka ọ̀kan sí pẹ́ńsì 25, kò ju nǹkan bí 95 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Àmọ́ T5 ń bá mi mú omi móoru, iṣẹ́ yìí ló sì di ti hítà báyìí, pàápàá ní oṣù Kìíní. Díẹ̀ nínú owó yẹn ń gba ibẹ̀ padà. Èrè gidi wà níbi ọ̀pá mẹ́fà tí n kò ní rà mọ́ lọ́dọọdún. Fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ìṣirò náà yàtọ̀ pátápátá: níbẹ̀, ooru tí LED kò dà sínú omi jẹ́ àǹfààní ní gbogbo ọdún, wáàtì 130 sì jẹ́ ohun tí íńfátà lè gbé títí NEPA yóò fi mú iná dé.

Àwọ̀ iyùn yí padà, èyí kò sì yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lára ọ̀pọ̀ iyùn ni purotéènì kan wà tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, tó sì ń tú u jáde ní àwọ̀ ewé, ọsàn tàbí pupa. Ara ẹja jẹ́lì tó ń jẹ́ Aequorea victoria ni Osamu Shimomura ti rí irú rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé, tí ó sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ kan ní Moscow ròyìn èyí tó pupa, tó wá láti ara Discosoma, ìyẹn irú iyùn tó wà lórí iyanrìn mi níhìn-ín. Wọ́n ń lò ó báyìí ní yàrá ìwádìí káàkiri ayé láti fi mọ ohun tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé búlúù sókè tó bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi ní yàrá wa ti di ilé ijó, òótọ́ sì ni. Mo dín búlúù kù díẹ̀ nínú àwọ̀ kan ṣoṣo yẹn, mo sì fi funfun díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Iyùn kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú ìyẹn, nítorí PAR rẹ̀ kò yí padà.

Bí ó bá jẹ́ Discosoma, Zoanthus àti Xenia nìkan ni ẹnì kan ní, tí wọ́n ń bí sí i lábẹ́ iná tó wà lórí tánkì rẹ̀, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pààrọ̀ ohunkóhun. PAR 80, bíi ti orí iyanrìn mi, ti tó wọn. Kí ó fi owó náà ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ẹ̀rọ mọ́ kí ó tó po iyọ̀ sí i, bí kò bá tíì ní ọ̀kan.